Ta Ló Ń Wo Alùpùpù, Ta Ló Ń Wo Stock Car? Ìtàn Eré Orí Eérú ní Etí Odò Thames

Ẹ̀yin ọmọ Arsenal tó wà láàárín wa, ẹ ti mọ díẹ̀ nínú ìtàn agbègbè tí mò ń gbé yìí. Ní Woolwich ni àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ohun ìjà ti dá ẹgbẹ́ yín sílẹ̀ ní 1886, Plumstead ni wọ́n sì ti ń gbá bọ́ọ̀lù kí wọ́n tó palẹ̀ ẹrù wọn mọ́ ní 1913, tí wọ́n sọdá odò Thames lọ sí Highbury. Ṣùgbọ́n eré mìíràn wà tó fa èrò ní etí odò yìí fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún, tí n kò tíì gbọ́ kí ọmọ Yorùbá kankan dárúkọ rẹ̀ ní Thamesmead. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló jẹ́ kí n mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà òyìnbó tí wọ́n bí sí Bermondsey, sí Deptford tàbí sí ìhà Old Kent Road, ẹ óò rí i pé bí ẹ bá béèrè irú oúnjẹ tí wọ́n jẹ lánàá, wọn lè má rántí, ṣùgbọ́n bí ẹ bá béèrè ibi tí wọ́n máa ń lọ ní alẹ́ Wednesday nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, ojú wọn á là. “New Cross, love. The speedway.” Èmi náà á fi àga sún mọ́ wọn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé eré náà fún ẹni tí kò rí i rí. Alùpùpù mẹ́rin ló ń sáré, ìyípo mẹ́rin, apá òsì nìkan ni wọ́n sì ń yà. Alùpùpù náà kò ní búrẹ́kì. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: kò ní búrẹ́kì rárá, jíà kan ṣoṣo ló sì ní. Bí ẹni tó ń gùn ún bá dé kọ́nà, yóò jẹ́ kí ìdí ọkọ̀ náà máa yọ̀ lọ, yóò fi ẹsẹ̀ òsì, tó wọ irin sábẹ́ bàtà rẹ̀, gbálẹ̀, yóò sì yí iwájú ọkọ̀ sí ọ̀tún kó tó lè yà sí òsì. Ẹni tó bá ṣe ipò kìíní gba máàkì 3, ìkejì gba 2, ìkẹta gba 1, ẹni ìkẹrin á mú eruku lọ sílé. Ní ìbẹ̀rẹ̀, eérú èédú ni wọ́n tẹ́ sórí ilẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń sáré. London nígbà náà kì í ṣaláìní eérú. Gbogbo ilé ló ń dáná èédú, gbogbo ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná ló ń kó eérú dànù. Ìdọ̀tí ìlú ni wọ́n fi ṣe ìdárayá.

Ọ̀sìrélíà ni wọ́n ti kó eré náà wá. Johnnie Hoskins, ọmọ New Zealand, ló ṣètò irú rẹ̀ kan ní West Maitland ní oṣù Kejìlá 1923, níbi ìpàtẹ àwọn àgbẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ 19 oṣù Kejì 1928, wọ́n gbé e dé High Beech nínú igbó Epping, lẹ́yìn ilé ọtí kan. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta èèyàn ni àwọn tó ṣètò rẹ̀ ń retí. Àwọn tó dé pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìṣirò àwọn kan fi dé 30,000, wọ́n sì dúró títí dé etí ibi tí alùpùpù ń gbà kọjá. Kí ọdún náà tó parí, pápá ti ń yọ káàkiri ilẹ̀ Bìrìtìkó bí olú.

Àwa ará Plumstead ní ìpín nínú ọ̀rọ̀ alùpùpù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìpín náà kò dé orí eérú tó bí mo ṣe fẹ́. Ní Burrage Grove, níbi tí ẹ lè fi ẹsẹ̀ rìn dé láti ọjà Woolwich, ni ìdílé Collier ti ń ṣe alùpùpù Matchless. Charlie Collier fúnra rẹ̀ ló gun Matchless tó fi borí ní kíláàsì onísílíńdà kan níbi ìdíje TT àkọ́kọ́ ní Isle of Man ní 1907. Wọ́n ra AJS mọ́ ọn ní 1931. Ilé-iṣẹ́ náà di Associated Motor Cycles ní 1938. Nígbà ogun, wọ́n ṣe alùpùpù bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin fún àwọn ọmọ ogun. Norton pàápàá kó kúrò ní Birmingham wá bá wọn ní Plumstead ní 1963. Ní 1966, gbèsè mú wọn, ó parí. Ṣùgbọ́n nínú speedway, Douglas láti Bristol ló kọ́kọ́ gbayì, Rudge tẹ̀ lé e, nígbà tó sì di ọdún 1930 síwájú, ẹ́ńjìnnì JAP láti Tottenham gba gbogbo rẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́. Àwọn tó ń ṣe alùpùpù ní Plumstead ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí New Cross lọ wo ẹ́ńjìnnì Tottenham. Ó dùn mí díẹ̀, n kò ní purọ́.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ agbègbè ti wọ̀ ọ́. Nígbà tí wọ́n dá líìgì sílẹ̀ ní 1929, kò sí líìgì kan fún gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì; méjì ni. Gúúsù ní tirẹ̀, Stamford Bridge ló gbà á. Àríwá ní tirẹ̀, Leeds ló gbà á. Ní 1932 ni wọ́n tó da méjèèjì pọ̀. Owó London ló sì gbé ìyókù mì fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn ogun, láti 1946 títí dé 1953, ẹgbẹ́ Wembley gba líìgì lẹ́ẹ̀meje nínú ẹ̀ẹ̀mẹjọ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, ní 1948, New Cross ló gbà á. Ẹ lè fojú inú wo bí Old Kent Road ṣe rí ní ọdún yẹn.

Ẹgbẹ́ méjì ló pín etí odò yìí mọ́ra wọn lọ́wọ́. Níhà tiwa, New Cross, àwọn tó wọ aṣọ dúdú àti ọsàn, tí wọ́n kó láti Crystal Palace wá ní 1934. Lódìkejì odò, West Ham ní Custom House, àwọn tó ya òòlù méjì sí àyà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tó mọ eré jù ló ń pinnu ẹgbẹ́ tí èèyàn ń tẹ̀ lé. Ibi tí bàbá rẹ ti ń ṣiṣẹ́ ni, èbúté wo ló ń já ẹrù, ṣé ọkọ̀ ojú omi Woolwich, tó ti ń gbé èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́ láti 1889, ló máa gbé ẹ lọ ni, àbí tramu. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Woolwich lè fi ẹsẹ̀ gba ihò abẹ́ odò kọjá sí ọ̀dọ̀ West Ham, ihò tí wọ́n ṣí ní 1912 tí àwa náà ń gbà títí dòní. Ẹni tó bá rántí bí Stationery Stores ṣe ń da Surulere rú, tó rántí ohun tí Shooting Stars jẹ́ sí ará Ìbàdàn, kò nílò kí n ṣàlàyé jù báyìí lọ.

Pápá New Cross kéré. Yáàdì 262 péré ni ìyípo rẹ̀. “Agbada ìdínkà” ni wọ́n ń pè é, the Frying Pan, nítorí pé ó rí róbótó, àwọn tó ń gùn ún sì ń yí nínú rẹ̀ bí àkàrà. Àwọn tó fẹ́ràn pápá kékeré kì í fẹ́ gbọ́ nípa pápá ńlá. Wọ́n ní ní Custom House, ẹ lè lọ ra tíì kí alùpùpù tó yí padà dé ọ̀dọ̀ yín. Àwọn ará West Ham náà á ní ohun tó wà ní New Cross kì í ṣe eré ìje, pé òòyì lásán ni.

Níbẹ̀ ni Tom Farndon kú sí, tàbí kí n sọ pé níbẹ̀ ni ikú ti bá a. Ọmọ Coventry ni, òun ló sì gba ìdíje Star Championship ní 1933. Ní alẹ́ ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ 1935, Ron Johnson tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan náà ṣubú níwájú rẹ̀, Farndon ò ríbi yà sí. Wọ́n gbé e lọ sí Miller Hospital ní Greenwich. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà ló kú, ọmọ ọdún 24. Bí mo bá ń ka irú ìtàn báyìí, ojú iṣẹ́ ni mo fi ń kà á. Mo ń rò ó pé kí ni àwọn nọ́ọ̀sì Miller ní lọ́wọ́ ní alẹ́ ọjọ́ yẹn: tọ́ọ̀ṣì láti fi wo ẹyinjú, ọwọ́ láti fi ka ìlù ọkàn, àti sùúrù. Kò sí ẹ̀rọ tó lè fi inú agbárí hàn. Ọdún 1971 ni wọ́n kọ́kọ́ lo ẹ̀rọ CT fún aláìsàn kan láyé yìí, ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá, ní ilé ìwòsàn Atkinson Morley ní Wimbledon, nínú ìlú tí àwọn náà ní ẹgbẹ́ speedway tiwọn. Ọdún 36 ló wà láàárín méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ kíláàsì náà tún wà. Speedway ní ẹ̀ka àkọ́kọ́ àti ẹ̀ka kejì, àwọn ará London sì máa ń fojú di ẹ̀ka kejì, nítorí pé ẹ̀ka àkọ́kọ́ ni gbogbo ẹgbẹ́ ńlá wọn wà. Ìgbà tó di 1951, Jack Young, ọmọ Ọ̀sìrélíà tó ń gun alùpùpù fún Edinburgh ní ẹ̀ka kejì, wá sí Wembley, ó sì gba ife àgbáyé níwájú gbogbo wọn. Kò tíì sí ẹni tó ṣe irú rẹ̀ rí láti ẹ̀ka kejì. Kí ni London wá ṣe? Wọ́n ṣe ohun tí London máa ń ṣe: wọ́n rà á. West Ham san £3,750, iye tí ẹnikẹ́ni kò tíì san rí nínú eré náà, ọkùnrin náà sì tún gba ife náà fún wọn ní 1952.

Ṣùgbọ́n owó ti ń tán. Owó orí tí ìjọba ń gbà lórí tíkẹ́ẹ̀tì wúwo, tẹlifíṣọ̀n ti ń wọlé, ará ìlú ti ń ra mọ́tò tiwọn. Ní oṣù Kẹfà 1953, New Cross ti ìlẹ̀kùn láàárín sáà. Pápá náà ò ṣófo pẹ́. Ní Good Friday ọdún tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ 16 oṣù Kẹrin 1954, ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Digger Pugh gbé nǹkan tuntun wọ ibẹ̀: àwọn mọ́tò àtijọ́ tí wọ́n so irin nínípọn mọ́ iwájú àti ẹ̀yìn wọn, tí wọ́n sì ń forí gbára wọn bí àgbò. Eré stock car àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Bìrìtìkó nìyẹn, ẹ̀gbẹ́ Old Kent Road ló sì ti ṣẹlẹ̀. Èrò tún ya wá. Àwọn olólùfẹ́ speedway sọ pé ẹ̀gàn ni, wọ́n ní eré àwọn tó fẹ́ rí jàǹbá ni. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọdún márùndínlọ́gbọ̀n péré ṣáájú ìgbà náà, ohun tí àwọn mìíràn ń sọ nípa tiwọn gan-an nìyẹn.

Ibí ni ìtàn náà dùn mọ́ mi jù, nítorí stock car kò dúró ní ẹyọ kan. Ó pín sí kíláàsì, kíláàsì kọ̀ọ̀kan sì rí ìlú tó fẹ́ ẹ. Èyí tó tóbi jù, tí wọ́n ń pè ní Formula 1 (kì í ṣe ti Lewis Hamilton o), fìdí múlẹ̀ ní àríwá àti àárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: Belle Vue ní Manchester, Bradford, Sheffield, Coventry. Ọmọ Rochdale ni Stuart Smith tó gba ife àgbáyé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà. Àwọ̀ orí mọ́tò ló ń sọ ipò awakọ̀: funfun fún ẹni tuntun, yẹ́lò, búlúù, pupa fún ògbóǹtarìgì, wúrà fún ẹni tó gba ife àgbáyé. Àwọn ọ̀gá ló ń bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn pátápátá, kí wọ́n lè fi agbára la àwọn ọmọdé kọjá. Gúúsù wá ṣe tirẹ̀. Les Eaton dá Spedeworth sílẹ̀, wọn ò sì bá àwọn ti àríwá dọ́gba. Mọ́tò tiwọn kéré, ó fúyẹ́, ó ń sáré, Superstox ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ń wò ó ní Wimbledon, Aldershot, Ipswich àti Eastbourne. London tún fẹ́ràn banger: mọ́tò tí ó yẹ kó ti wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta irin àlòkù, tí wọ́n ń wà títí yóò fi kú sórí pápá. Ní Àríwá Ireland, hot rod ni, tí kì í gba ìkọlù. Eré ìmọ̀ọ́wà ni. Ní Wales àti ìwọ̀-oòrùn, inú oko ni wọ́n ti ń sáré autograss lórí ilẹ̀ gidi, kì í ṣe lórí kóltà.

Kí ló fà á? Àwọn kan á ní ìwà ará ìlú kọ̀ọ̀kan ni, pé ará àríwá le, ará gúúsù fẹ́ ìyára. N kò gbà. Lójú tèmi, ilé tó wà nílẹ̀ ló ń pinnu. Àríwá ní àwọn pápá speedway tó gbòòrò tí ilẹ̀ wọn ṣì jẹ́ òkúta wẹ́wẹ́, ó gba mọ́tò ńlá. Spedeworth fi kóltà bo pápá tiwọn, ó gba mọ́tò kékeré. London ní àwọn tó ń kó irin jọ ní Deptford, ní Erith, ní etí odò gbogbo, mọ́tò banger kò sì wọ́n wọn. Ẹ̀rí tún wà pé ìwà kọ́ ni: kí pínpín yìí tó le, ará gúúsù ni John Brise, tó gba ife àgbáyé stock car lẹ́ẹ̀mẹta. Ní Erith, ẹ̀gbẹ́ Thamesmead níbí, ni wọ́n bí Tony ọmọ rẹ̀, tó dé Formula 1 ti àwọn olówó kó tó bá Graham Hill kú nínú ọkọ̀ òfuurufú ní oṣù Kọkànlá 1975. Ẹ̀yin tó wà ní Amẹ́ríkà náà lè wo àyíká yín: ní Knoxville ní Iowa àti ní Pennsylvania, sprint car ni wọ́n ń ṣe orí fún, ẹ sọ̀kalẹ̀ dé Georgia àti Tennessee, late model ni wọ́n á kó yín lọ wò.

Ní 1968, nǹkan méjì ṣẹlẹ̀ ní agbègbè wa. Ìdílé àkọ́kọ́ kó wọ Thamesmead, ìlú tuntun tí GLC kọ́ sórí ilẹ̀ àbàtà; speedway sì bẹ̀rẹ̀ ní Crayford, máìlì díẹ̀ sí ibẹ̀, ní ẹ̀ka kejì tuntun. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wọ Thamesmead nígbà náà, inú London ni wọ́n ti kó wọn wá, láti àdúgbò tí New Cross ti ń gba èrò rẹ̀. Fún wọn, Crayford ni ilé tó kù. Ó dúró ní 1970, ó padà ní 1975 pẹ̀lú orúkọ Kestrels, ó sì lọ títí dé 1983, kí àwọn tó ni ín tó kó ẹgbẹ́ náà lọ sí Hackney.

Àwa ńkọ́? Mo ti bi àwọn àgbà wa tó wà ní ìlú yìí nígbà náà. Kò sẹ́ni tó lọ. Kò sì yẹ kí èyí ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Àwọn ọdún Kestrels ni àwọn ọdún tí National Front gbìyànjú láti yan gba Lewisham kọjá, ọjọ́ 13 oṣù Kẹjọ 1977, láti New Cross náà. N kò sọ pé àwọn tó ń wo speedway ló ṣe é. Ohun tí mò ń sọ ni pé dúdú tó bá fẹ́ wọ àárín èrò ní Crayford lálẹ́ ní láti kọ́kọ́ ronú bí òun ṣe máa délé. Ní oṣù Kejì 1991, wọ́n pa Rolan Adams, ọmọ ọdún 15, ní Thamesmead níbi tó ti ń dúró de bọ́ọ̀sì, nítorí àwọ̀ rẹ̀. Nígbà tí àwa Yorùbá wá pọ̀ níbí, láti bí ogún ọdún sẹ́yìn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, pápá náà ti di ilẹ̀. Nítorí náà ni àwọn àgbàlagbà tí mò ń tọ́jú fi ní Thamesmead kan nínú orí, tí ọ̀rẹ́ mi tó ń ta ẹ̀bà ní Plumstead sì ní òmíràn. Ẹni tí ń sọ̀rọ̀ New Cross fún mi lè jẹ́ ẹni tí ì bá ti sá fún mi ní 1977. Mo mọ̀. Mo ṣì ń fẹ́ gbọ́.

Ohun tó kù nínú gbogbo rẹ̀ kò pọ̀. Orí ilẹ̀ pápá Crayford àtijọ́ ni Sainsbury's jókòó sí. Pápá ajá tí wọ́n kọ́ rọ́pò rẹ̀ náà ti ìlẹ̀kùn ní oṣù Kìíní 2025. Speedway parí ní Wimbledon ní 2005, stock car ní oṣù Kẹta 2017, láti ìgbà náà kò sí ìkankan nínú London. Ilé yàtọ̀ sí pápá: ilé Granada ní Woolwich, tí wọ́n ṣí ní 1937 fún fíìmù, tó di ilé bingo, ti di ṣọ́ọ̀ṣì Christ Faith Tabernacle, Odeon tó kọjú sí i di New Wine. Àwọn èèyàn wa ló kùn ún, tí wọ́n tún òrùlé rẹ̀ ṣe. Ẹnikẹ́ni ò lè fi pápá eérú ṣe ìsìn, ilé ni wọ́n á kọ́ sí i. New Cross ti di Bridgehouse Meadows, koríko lásán níbi tí àwọn ọmọ ti ń gun kẹ̀kẹ́, Ilderton Road tó wà lẹ́bàá rẹ̀ sì kún fún ṣọ́ọ̀ṣì wa. Bọ́ọ̀sì 53 láti Plumstead á gbé yín dé ìtòsí.

Custom House nìkan ló kọ orúkọ sílẹ̀. Láti Woolwich, ibùdókọ̀ kan péré ni lórí Elizabeth line. Wọ́n wó pápá náà ní 1972, wọ́n kọ́ ilé síbẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ àwọn tó gun alùpùpù sọ òpópónà: Wilkinson Road fún Bluey Wilkinson tó gba ife àgbáyé ní 1938, Croombs Road fún Tommy Croombs, Young Road fún Jack Young tí wọ́n rà láti Edinburgh, Hoskins Close fún ẹni tó gbé eré náà wá láti ìpàtẹ àgbẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó ń gbé nínú àwọn ilé wọ̀nyẹn, tó sì ti ń kọ Hoskins Close sórí fọ́ọ̀mù láti ọdún pípẹ́.